Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọdé Tí A Bí Àbùkù Ọkàn Mọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín o.

Ìbéèrè kan ni òbí kọ́kọ́ máa ń bi wá tí a bá ti sọ fún un pé a ó la àyà ọmọ rẹ̀: "Ṣé ọmọ mi máa yè?" Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó bèèrè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni kí á dá a lóhùn láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dáhùn tán, mo máa ń mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Bí ọmọ bá yè, ó kù kí á mọ bí yóò ṣe dàgbà: bóyá yóò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré, bóyá ìwé yóò yé e, bóyá wọn yóò tún la àyà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, bóyá òun náà yóò dàgbà di òbí. Púpọ̀ nínú ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ni kò sí lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ nìkan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná. Ohun tí mo wá bá yín sọ lónìí nìyẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, mo rí àwọn ìyá níjòókòó, mo sì mọ ohun tó máa ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ yìí, a kì í rí ohun kan pàtó tó fa àbùkù náà. A mọ díẹ̀: àrùn rubella tó bá mú aláboyún, ìtọ̀ ṣúgà tí a kò káwọ́ rẹ̀, àwọn oògùn kan, àti àyípadà nínú kurọmósóòmù, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú ara tó gbé àbùdá tí a jogún. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní àìsàn Down ni ọkàn wọn ní àbùkù. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ oyún ni ọkàn ọmọ ti ń gba ìrísí rẹ̀, ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn ti lóyún. Ẹ yé dá ara yín lẹ́bi.

Nínú ọmọ 100 tí a bí láàyè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan tí a bí àbùkù ọkàn mọ́. Bí a bá ka gbogbo ayé pọ̀, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dọọdún. Àwọn mìíràn kò ní nílò iṣẹ́ abẹ láéláé, nítorí ihò kékeré tó wà lára ògiri tó pààlà sáàárín ìyẹ̀wù méjì ìsàlẹ̀ ọkàn sábà máa ń dí fúnra rẹ̀. Àmọ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni tirẹ̀ le débi pé a gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún kan. Nínú àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí ihò ọkàn wọn tóbi wà. Àwọn tó ní Tetralogy of Fallot wà níbẹ̀: ihò wà lára ògiri ọkàn wọn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró sì há, ètè àti èékánná wọn a máa dúdú. Àwọn kan wà tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tó jáde láti inú ọkàn wọn gba ipò ara wọn, tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn ló ń lọ káàkiri ara, èyí tó ní ọ́síjìn sì ń padà sínú ẹ̀dọ̀fóró tó ti wá. Àwọn tó le jù sì ni àwọn tí apá òsì ọkàn wọn kò dàgbà rárá.

Títí di ọdún 1938, kò sí ohun tí a lè ṣe fún wọn ju kí á máa wò wọ́n lọ. Lọ́dún náà, ní Boston, Robert Gross so òpó ẹ̀jẹ̀ kan tó yẹ kó ti pa dé lẹ́yìn ìbí fún ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan, ọmọ náà sì yè. Ní 1944, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, Helen Taussig, dókítà ọkàn ọmọdé, ló gbé èrò kalẹ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró bá kéré jù, kí wọ́n la ọ̀nà mìíràn fún un. Alfred Blalock, oníṣẹ́ abẹ, ló mú ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n Vivien Thomas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ló ti ṣe iṣẹ́ náà léraléra lára ajá nínú yàrá ìwádìí, ẹ̀yìn Blalock ló sì dúró sí lọ́jọ́ náà tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ayé tó fún un ní ìyìn tó tọ́ sí i, mo sì máa ń rí i dájú pé mo dárúkọ rẹ̀ níbikíbi tí mo bá ti sọ ìtàn yìí. Ọmọ tí wọ́n ṣe é fún kò ju oṣù 15 lọ. Ara rẹ̀ yá, ó sì kú ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó tẹ̀lé e ló pẹ́ láyé.

Èyí tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀ ni iṣẹ́ Walton Lillehei, oníṣẹ́ abẹ kan ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1954. John Gibbon ti lo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀dọ́bìnrin kan ní 1953, ó sì yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò tíì ṣe é gbára lé fún ọmọ kékeré. Ohun tí Lillehei ṣe ni pé ó so iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ mọ́ ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró òbí lè máa ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń tún ọkàn ọmọ ṣe. Ọmọ àkọ́kọ́ kú ní ọjọ́ 11 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n kò dáwọ́ dúró. Aláìsàn 45 ni wọ́n ṣe é fún, 28 nínú wọn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn kúrò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n padà wá wọn ní 30 ọdún lẹ́yìn náà, 22 ṣì wà láàyè.

Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Nínú 45, 17 ni kò jáde ní ilé ìwòsàn. Ìbànújẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n nínú 28 tó jáde, 22 lo 30 ọdún ó lé. Ọkàn tí wọ́n tún ṣe dáadáa lè gbé ènìyàn jìnnà. Ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn àti òbí wọn fi ara wọn jìn fún nìyẹn, ìmọ̀ tí àwa náà ń jẹ nínú rẹ̀ títí di òní.

Báwo ni nǹkan ṣe wá rí báyìí? Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kó àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ abẹ ọkàn ọmọdé jọ, bíi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, nínú ọmọ 100 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, nǹkan bí 97 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń wà láàyè ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn rẹ̀. Fún ihò ọkàn lásán, níbi tí ọwọ́ wọn ti mọ́ iṣẹ́, ikú kò tó ẹnì kan nínú 100. Iṣẹ́ tí Adib Jatene kọ́kọ́ ṣe láṣeyọrí ní Brazil lọ́dún 1975, níbi tí wọ́n ti ń gé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjèèjì kúrò níbi tí wọ́n wà, tí wọ́n sì ń rán wọn padà sí ipò tó yẹ, ti di ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tuntun ń là já. Apá òsì ọkàn tí kò dàgbà ni ó ṣì ń fún wa ní wàhálà jù. Kí oníṣẹ́ abẹ William Norwood tó gbé ọ̀nà iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nínú ìwádìí kan ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, wọ́n fi ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà darí ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró wéra lára ọmọ 549. Nígbà tí ọdún kan pé, 74 nínú 100 ló ṣì wà láàyè láìgba ọkàn ẹlòmíràn nínú ìpín kan, 64 nínú 100 nínú ìpín kejì. Ẹ rí i pé "iṣẹ́ abẹ ọkàn" kò ní iye kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá dá iye kan fún yín láìbèèrè irú àbùkù tí ọmọ yín ní, ẹ má gbà á.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àsìkò, nítorí òun ni ó máa ń dùn mí jù. Ẹ mú ọmọ tí ihò ńlá wà láàárín ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ara ń gba inú ihò náà, ó ń ya lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ náà á máa mí kíákíá, á máa làágùn bó bá ń mu ọmú, kò ní sanra, òtútù àyà á sì máa mú un ní àmúìsinmi. Bí a bá dí ihò náà ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹgbẹ́ wọn dọ́gba. Bí a bá fi í sílẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró á máa nípọn lójoojúmọ́, ìfúnpá inú wọn á máa ga, títí ẹ̀jẹ̀ á fi yí ojú padà gba inú ihò yẹn kan náà wá sí ara láìní ọ́síjìn. Nígbà tó bá di bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ tó yẹ kó wò ó sàn ló máa pa á. Ọmọ kan náà ni, ihò kan náà ni, oníṣẹ́ abẹ kan náà ni. Àsìkò ló yàtọ̀. Mi ò mọ ohun tó ń bani lọ́kàn jẹ́ tó kí á jókòó síwájú òbí tó wá, kí á sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù.

Ti àwọn tí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn gba ipò ara wọn tún yá jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìbí, ìyẹ̀wù òsì ọkàn wọn kò ní ju ẹ̀dọ̀fóró tó rọ̀ lọ láti máa ti ẹ̀jẹ̀ sí, ó sì ń gbẹ bí apá tí kò gbé ẹrù rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti di aláìlágbára tó fi jẹ́ pé bí a bá gbé iṣẹ́ gbogbo ara lé e lọ́wọ́ lójijì, ó lè kọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fẹ́ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni a ti ní oògùn prostaglandin, tó ń jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pa dé lẹ́yìn ìbí ṣì wà ní ṣíṣí. Ó ń fún wa láyè kí a lè gbé ọmọ dé ibi tó yẹ. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ láti fi wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dun ọmọ, kò sì gba àkókò. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé ní àwọn ìpínlẹ̀ tó sọ ọ́ di dandan kí wọ́n máa yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò bẹ́ẹ̀, ikú àwọn ọmọ tí àbùkù ọkàn tiwọn le fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù. Wọn kò kọ́ ọ̀nà iṣẹ́ abẹ tuntun kankan. Wọ́n kàn tètè mọ̀ ni.

Nǹkan mìíràn wà tó ń darí àbájáde kí á tó mú ọ̀bẹ: ọmọ tí kò wúwo tó kìló méjì àbọ̀, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tí àkóràn ti wà lára rẹ̀, ọmọ tí oúnjẹ kò kánú. Ewu tiwọn ga. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí á bọ́ ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ abẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó kan àwa oníṣẹ́ ìlera gan-an. Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà akunnilóorun kan, Stephen Bolsin, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ń kú pọ̀ jù, ó sì fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Ìgbìmọ̀ tí Ian Kennedy darí gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2001: láàárín 1991 sí 1995, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó kú níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn fi 30 sí 35 pọ̀ ju iye tí à bá retí lọ ká ní ibẹ̀ rí bí àwọn ilé ìwòsàn yòókù. Ẹ fi ti Marc de Leval, oníṣẹ́ abẹ ọkàn ọmọdé ní London, wé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló ti yè lọ́wọ́ rẹ̀, lójijì ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kú léra wọn. Kò pè é ní àyànmọ́. Ó ka iye wọn, ó lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn lọ tún iṣẹ́ náà kọ́, àbájáde rẹ̀ sì tún dára. Ní 1994, ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lórúkọ ara rẹ̀. Mo ka ìwà yẹn sí ọ̀kan nínú ohun tó lọ́lá jù lọ nínú iṣẹ́ wa. Ilé ìwòsàn tí kò bá ka òkú rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá òun ń tẹ̀síwájú.

Wákàtí 6 sí 12 àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, agbára ọkàn sábà máa ń lọ sílẹ̀ kó tó tún gbéra. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà bí ẹ bá rí rọ́bà tó pọ̀ lára ọmọ, tàbí bí a bá fi àyà rẹ̀ sílẹ̀ láìtíì pa á dé fún ọjọ́ díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wú, a sì fẹ́ fún un láyè. Ọkàn lè máa lù ségesège. Lẹ́yìn dídí ihò tó wà láàárín ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 lè nílò ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù fún ìgbà pípẹ́. Àkóràn ni ọ̀tá tí gbogbo wa ń ṣọ́. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yìí wà. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Great Ormond Street ní London, wọ́n lọ wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìje Ferrari ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn láìpariwo, wọ́n sì lò ó nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọmọ láti yàrá iṣẹ́ abẹ lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Àṣìṣe dínkù. Láti 2008, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ ti ń kó àkọsílẹ̀ wọn jọ lábẹ́ ètò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Boston, wọ́n gbájú mọ́ dídènà àkóràn àti iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, ikú àti àkóràn sì dínkù láàárín wọn. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá nínú rẹ̀: ọwọ́ fífọ̀, àkọsílẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fetí sí.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń lọ sílé, gbogbo ènìyàn á máa yọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Wọ́n tọpinpin àwọn 163 tó la àtúnṣe Tetralogy of Fallot já ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà láàárín 1955 sí 1960. Lẹ́yìn 32 ọdún, 86 nínú 100 ló wà láàyè. Ẹgbẹ́ wọn tí kò ní àìsàn ọkàn jẹ́ 96. Àbájáde tó dára ni, àmọ́ àlàfo 10 yẹn ní ìdí. Láti la ọ̀nà tó há, oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń gé ẹnu ọ̀nà náà, kò sì ní lè pa dé dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 10, ọdún 20, ìyẹ̀wù ọ̀tún á máa fẹ̀, ẹni náà kò sì ní mọ nǹkan kan lára. Bó bá ń wá fún àyẹ̀wò, a ó mọ ìgbà tó yẹ láti fi fáàfù tuntun, ìyẹn ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn, sí i. Láti ọdún 2000, nígbà tí Philipp Bonhoeffer kọ́kọ́ ṣe é, a tilẹ̀ lè fi rọ́bà tín-ín-rín gbé fáàfù náà gba inú iṣan wọlé fún àwọn kan láìla àyà.

Àwọn tí ìyẹ̀wù kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn wọn, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí à ń pè ní Fontan fún, ni ó nílò àyẹ̀wò jù. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró láìsí ohun tó ń tì í. Wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ wọn ni a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dúró sínú rẹ̀ ń ba á jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ti ọpọlọ ńkọ́? Ní Boston, wọ́n tẹ̀lé ọmọ 171 tí wọ́n tún òpó ẹ̀jẹ̀ wọn tó gba ipò ara wọn ṣe. Nígbà tí àwọn tó kù nínú ìwádìí náà di ọmọ ọdún 16, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe dáadáa, síbẹ̀ 65 nínú 100 ló ti nílò ìrànlọ́wọ́ àfikún lórí ẹ̀kọ́ tàbí ìwà nígbà kan rí. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan ló fà á. Láti inú oyún ni ọpọlọ àwọn ọmọ kan nínú wọn kì í ti gba ọ́síjìn tó. Bí olùkọ́ bá sọ fún yín pé ọmọ yín kì í gbájú mọ́ nǹkan, ẹ má nà án, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ mú un wá. Àwọn tí a tètè ràn lọ́wọ́ ló ń jèrè jù.

Nǹkan díẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé kí ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àbùkù náà gan-an àti orúkọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí. Ẹ tọ́jú ẹyín ọmọ yín, nítorí kòkòrò láti ẹnu lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn tí wọ́n ti tún ṣe. Ẹ bi dókítà yín bí eré ìdárayá ṣe yẹ kó pọ̀ tó, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló ń dá ọmọ tó lè sáré dúró. Nígbà tí ọmọ náà bá sì ti tó ọdún 12 tàbí 13, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ máa sọ ìtàn ọkàn rẹ̀ fún dókítà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ìtọ́jú ti gbilẹ̀, àgbàlagbà tí a bí àbùkù ọkàn mọ́ ti pọ̀ ju ọmọdé tó ní in lọ, ìgbà tí wọ́n bá sì kúrò lábẹ́ òbí ni ọ̀pọ̀ wọn ń dẹ́kun wíwá. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún nínú wọn yẹ kó rí onímọ̀ ọkàn kó tó lóyún, kì í ṣe ìgbà tí oyún bá ti di oṣù mẹ́fà.

Mo ti ṣe tán láti gbọ́ ìbéèrè yín. Kí àwọn òbí kọ́kọ́ bèèrè.